Bí irinṣẹ́ tí oníṣòwò ń lò lórí ayélujára ṣe ń fi ẹni tó máa ra ọjà yín hàn

Ẹni tó ń kọ́ ìkànnì fún àwọn oníṣòwò, ẹni tó ń ta sọ́fíwià ìṣirò owó, ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ tún ímeèlì ṣe, ìbéèrè kan náà ló ń jẹ gbogbo wọn lọ́kàn: ta ni kí n lọ bá? Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣa nọ́ńbà àti ímeèlì jọ bí wọ́n bá ṣe rí i, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Èsì kì í wá, torí pé ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí kò rí ọ̀ràn ara rẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ.

Ọ̀nà tó sàn ju èyí lọ wà, ojú gbangba ló sì wà. Ìkànnì oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ń sọ irinṣẹ́ tó ń lò fún ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò: ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ẹni tó ń bá wọn gba owó, ẹni tó ń gbé ímeèlì wọn, bóyá wọ́n ń polówó lórí Facebook tàbí wọn kì í polówó. A ò fọ́ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni ká tó mọ èyí. Bráúsà wa ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá bá wa nígbà tá a bá ṣí ìkànnì náà, ìyókù sì wà nínú àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé lè kà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ di mú ni pé irinṣẹ́ kan ṣoṣo kì í tó ẹ̀rí. Irinṣẹ́ tó wà, àti èyí tó yẹ kó bá a rìn ṣùgbọ́n tí kò sí níbẹ̀, àwọn méjèèjì pa pọ̀ ló ń tọ́ka sí ẹni tó nílò yín. Àpẹẹrẹ tí màá máa lò jù ni ti ẹni tó ń bá àwọn ìsọ̀ orí ayélujára ní Ìbàdàn àti Èkó tún ètò ìsanwó ṣe, torí pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti máa ń hàn kedere jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ọjà tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Kí ẹ tó ṣí ìkànnì ẹnikẹ́ni, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbólóhùn kan tó lọ báyìí: "Ẹni tó ń lo èyí, tí kò sì ní tọ̀hún, ni mo lè ṣe lóore." Tí ẹ ò bá lè kọ ọ́, ẹ má tíì lọ wá oníbàárà kankan.

Fún oníṣẹ́ ìsanwó, gbólóhùn náà lè jẹ́: ìsọ̀ tó wà ní Nàìjíríà, tó ń lo WooCommerce (sọ́fíwià tí wọ́n fi ń ṣe ìsọ̀ orí ayélujára), tí kò ní Paystack tàbí Flutterwave (àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí ayélujára), tó jẹ́ pé nọ́ńbà àkáǹtì báńkì ló gbé sójú ibi ìsanwó. WooCommerce ń sọ fún wa pé ẹni yìí ti náwó sórí ìsọ̀ tó dúró fúnra rẹ̀, kì í ṣe Instagram nìkan ló gbójú lé. Nọ́ńbà àkáǹtì ń sọ fún wa pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń jókòó ti fóònù, tó ń wo álẹ́ẹ̀tì báńkì kó tó lè gbé ọjà fún oníbàárà, tó tún ń fi ojú wá rìsíìtì ayédèrú láàárín àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Wàhálà yìí gan-an lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀.

Yàtọ̀ sí ohun tó wà àti ohun tí kò sí, ẹ máa wá ohun tó ti gbó. Lójú tèmi, ibẹ̀ lowó pọ̀ sí jù. Ọjọ́ máa ń pé fún sọ́fíwià, àwọn tó ṣe é gan-an ló sì máa ń kéde ọjọ́ náà. Adobe dáwọ́ ìtọ́jú Magento 1, tí òun náà jẹ́ sọ́fíwià ìsọ̀ orí ayélujára, dúró ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2020, ìsọ̀ tó bá ṣì wà lórí rẹ̀ kò rí àtúnṣe ààbò kankan gbà láti ọ̀dọ̀ wọn mọ́. PHP ni èdè kóòdù tí wọ́n fi kọ WordPress, sọ́fíwià tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́ ìkànnì. Ìtọ́jú PHP 7.4, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì WordPress ṣì ń jókòó lé lórí, parí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Google náà dá Universal Analytics, ẹ̀dà àtijọ́ Google Analytics tó ń ka àlejò ìkànnì, dúró ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2023. Ìkànnì tí nọ́ńbà Google Analytics inú kóòdù rẹ̀ ṣì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UA- láìsí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú G- lè má tíì ka àlejò kan ṣoṣo láti ìgbà yẹn, ọ̀gá tó ni ín sì lè má mọ̀ rárá. Fún ẹni tó ń ta iṣẹ́ ìpolówó, ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tó dára ju èyí lọ kò wọ́pọ̀.

Ẹ fi ojú yìí wo ọjà tiyín. Ẹni tó ń ta ímeèlì iléeṣẹ́ á wá ìkànnì tó ní orúkọ tirẹ̀ àmọ́ tó jẹ́ àdírẹ́sì Gmail lásán ló kọ sí ìsàlẹ̀ ewé. Ẹni tó ń bá ènìyàn ṣe ìwé ìròyìn orí ímeèlì á wá ìsọ̀ tó ní àmì ìpolówó Facebook (kóòdù kékeré tó ń tọ àlejò lẹ́sẹ̀ fún ìpolówó), tí kò sì ní ibi tí àlejò lè fi ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀ sí: wọ́n ń sanwó kí ènìyàn lè wá, wọn kò ní ọ̀nà láti tún pè é padà. Gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ojú ara yín ka ìkànnì náà

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ tó máa ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ń retí kí n dárúkọ. Ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì fi ojú ara rẹ̀ ka bí ogún ìkànnì kò ní mọ ìgbà tí ẹ̀rọ bá parọ́ fún un.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí ìkànnì náà nínú Chrome, kí ẹ tẹ Ctrl àti U pa pọ̀. Lórí fóònù Android, ẹ kọ view-source: síwájú àdírẹ́sì ìkànnì náà, kí ẹ tẹ ẹ́ lọ. Ewé kan tó kún fún kóòdù á ṣí. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ẹ ò ní kà á tán. Ctrl àti F lẹ máa fi wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá wp-content. Tó bá wà, WordPress ni. Ẹ wá wo àwọn ìlà tó ní wp-content/plugins/ nínú, torí pé orúkọ plugin (àfikún tí wọ́n so mọ́ WordPress) ló máa ń tẹ̀ lé ìlà yẹn: woocommerce, elementor, contact-form-7, woo-paystack. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ ọfà ìsàlẹ̀ lọ láti ibì kan dé ibòmíì, ẹ ó rí èyí tó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kó jọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ cdn.shopify.com lẹ rí, Shopify ni, static.wixstatic.com, Wix ni, static1.squarespace.com, Squarespace ni; iléeṣẹ́ tí ènìyàn ń lò láti kọ́ ìkànnì tàbí ìsọ̀ orí ayélujára ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí fbevents.js bá wà, àmì ìpolówó Facebook ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tó máa ń tẹ̀ lé ver= lẹ́yìn orúkọ fáìlì lè jẹ́ ti plugin náà, ó sì lè jẹ́ ti WordPress fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi òun nìkan sọ pé ìkànnì ti gbó.

Ètò ìsanwó ṣòroó rí ju àwọn yòókù lọ. js.paystack.co tàbí checkout.flutterwave.com kì í sábà sí lójú ewé àkọ́kọ́. Ó di ibi tí ènìyàn ti fẹ́ sanwó kó tó yọjú. Torí náà, ẹ fi ọjà kan sínú apẹ̀rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ síwájú dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè àdírẹ́sì. Ẹ wo ọ̀nà ìsanwó tí wọ́n gbé kalẹ̀. Tó bá jẹ́ "Direct bank transfer" àti "Cash on delivery" nìkan ló wà níbẹ̀, ohun tí WooCommerce fúnra rẹ̀ gbé wá láti ilé ni wọ́n ń lò, ẹnikẹ́ni kò tíì so ohun mìíràn mọ́ ọn. Ẹni tẹ́ ẹ ń wá nìyẹn.

Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Ẹ má tẹ "Place order" láé tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ ra ọjà. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, WooCommerce á kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé oníbàárà gidi ló dé, ọjà náà lè kúrò lórí àtẹ fún ẹlòmíì, ọmọ ìsọ̀ kan sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá ṣòwò kò yẹ lẹ́ni tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Shopify ní ètò ìsanwó tirẹ̀ tó ń jẹ́ Shopify Payments, àmọ́ kò ṣí i fún oníṣòwò tó wà ní Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí ìsọ̀ Shopify ní Èkó fi gbọ́dọ̀ so Paystack, Flutterwave tàbí irú wọn mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí kò so nǹkan kan mọ́ ọn, owó oṣooṣù ló ń san fún Shopify nígbà tó ṣì ń retí álẹ́ẹ̀tì báńkì.

Ẹ sún dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọdún wo ló wà níbẹ̀? Ta ló kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀? "Designed by" yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọgbọ́n tí mò ń sọ. Ẹ tẹ orúkọ ẹni tó kọ́ ìkànnì náà. Tí iléeṣẹ́ rẹ̀ bá ṣì wà, ẹ ó bá àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe níbẹ̀, tí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lo irinṣẹ́ kan náà, torí pé ọwọ́ kan ló ṣe wọ́n. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, mo gbà pé ẹni tó kọ́ ọ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀: ẹ lè bá a ṣe apá tí òun kì í ṣe, kó wá mú gbogbo oníbàárà rẹ̀ bá yín lẹ́ẹ̀kan. Tó bá sì jẹ́ pé ìkànnì tirẹ̀ gan-an ò ṣí mọ́, á jẹ́ pé àwọn tó bá ṣiṣẹ́ kò ní olùtọ́jú. Ẹ fi "Designed by" àti orúkọ náà sínú àmì ìfàyọ, kí ẹ wá a lórí Google. Ọ̀pọ̀ wọn á jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bi DNS léèrè

Orúkọ ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé lè kà, tí wọ́n ń pè ní DNS. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ẹni tó ń gbé ímeèlì wọn. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ kọ nslookup -type=mx, kí orúkọ ìkànnì náà tẹ̀ lé e. MX ni apá DNS tó ń sọ ẹni tó ń gba ímeèlì wọn. Tó bá jẹ́ fóònù ló wà lọ́wọ́ yín, MXToolbox á ṣe é fún yín láti inú bráúsà.

Èsì tó bá ní aspmx.l.google.com tàbí smtp.google.com nínú, Google Workspace ni wọ́n ń sanwó fún. Èyí tó bá parí sí mail.protection.outlook.com, Microsoft 365 ni. mx.zoho.com jẹ́ ti Zoho. Tó bá jẹ́ orúkọ ìkànnì náà fúnra rẹ̀ ló padà wá, àpótí ímeèlì ọ̀fẹ́ tó bá hosting (ẹ̀rọ tí ìkànnì wọn wà lórí rẹ̀) wá ni wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni lẹ́tà irú wọn máa ń já sínú Spam, torí pé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló ń pín ẹ̀rọ kan náà lò.

Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú -type=txt. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú v=spf1 ń ka àwọn tí wọ́n fún láyè láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórúkọ wọn. SPF nìyẹn. servers.mcsv.net túmọ̀ sí Mailchimp, sendgrid.net túmọ̀ sí SendGrid, iléeṣẹ́ méjì tó ń bá ènìyàn fi ímeèlì púpọ̀ ránṣẹ́. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè pé kí ẹni tó ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́ ní SPF, DKIM àti DMARC, àwọn àkọsílẹ̀ DNS tó ń jẹ́rìí pé lẹ́tà náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá lóòótọ́. Gmail fi í sí orí ẹni tó ń fi lẹ́tà tó tó 5,000 ránṣẹ́ sí wọn lójúmọ́. Nítorí náà, iléeṣẹ́ ńlá tó ní Mailchimp nínú SPF rẹ̀, tẹ́ ẹ wá _dmarc rẹ̀ (ẹ kọ _dmarc. síwájú orúkọ ìkànnì náà) tí ẹ kò rí nǹkan kan, oníbàárà ni fún ẹni tó ń tún ímeèlì ṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ ó máa rí àwọn àmì bíi google-site-verification tàbí facebook-domain-verification. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lo irinṣẹ́ náà ni wọ́n fi síbẹ̀, kì í sì í sí ẹni tó máa ń rántí yọ ọ́ tí wọ́n bá ti pa á tì. Ẹ̀rí pé wọ́n fojú kàn án rí ni, kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ń lò ó lónìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ẹ ṣe máa rí ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan

Ní báyìí tí ojú yín ti là, ẹ lè gba ẹ̀rọ láyè. Wappalyzer ṣeé so mọ́ Chrome tàbí Firefox lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kàn máa tẹ àmì rẹ̀ tẹ́ ẹ bá wà lórí ìkànnì kan, á sì to irinṣẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. BuiltWith, tó jẹ́ ti àwọn ará Ọsirélíà, ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń sọ ìgbà tó kọ́kọ́ rí irinṣẹ́ kan àti ìgbà tó rí i kẹ́yìn. Ọjọ́ méjèèjì yẹn níyì gan-an. Ìsọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé WooCommerce sórí ìkànnì rẹ̀ lóṣù tó kọjá ṣì ń náwó, ó ṣì ń wá ẹni tó máa bá a parí rẹ̀. Èyí tó ti gbé e síbẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

BuiltWith tún ń ta àkọsílẹ̀ gbogbo ìkànnì tó ń lo irinṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè kan. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, kò sì pọ́n dandan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Google tó wà lọ́wọ́ yín lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí WooCommerce bá wà bó ṣe wá láti ilé, product-category máa ń wà nínú àdírẹ́sì ìpín ọjà rẹ̀. Ẹ kọ inurl:product-category site:com.ng, kí ẹ fi orúkọ ọjà tàbí ìlú kún un: Ibadan, àǹkárá, ọṣẹ dúdú, bàtà. Ẹ kọ orúkọ ọjà náà láìfi àmì ohùn sí i pẹ̀lú, torí bí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Fún Shopify, ẹ wá site:myshopify.com pẹ̀lú Lagos. PublicWWW ní tirẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ inú kóòdù gan-an; ẹ fi js.paystack.co sí i, kí ẹ wo ohun tó máa gbé jáde.

Kò sí èyí tí kì í ṣàṣìṣe nínú wọn. Cloudflare, iléeṣẹ́ tó máa ń dúró láàárín àlejò àti ìkànnì, máa ń bo ẹni tó ń gbé ìkànnì mọ́lẹ̀. Google Tag Manager, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kó irú àmì bẹ́ẹ̀ sójú kan, lè gbé àmì ìpolówó mẹ́wàá pamọ́ sínú ara rẹ̀, tí ẹ̀rọ á sì rí ẹyọ kan. Àwọn àwòṣe ìkànnì kan máa ń gbé WooCommerce wá pẹ̀lú ara wọn, tí ẹni tó ra wọ́n kò ta nǹkan kan rí. Torí náà, orúkọ tí ẹ kò bá tíì ṣí fúnra yín kò tíì wọ àkọsílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn tí ìkànnì wọn kò sọ nǹkan kan

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: oníṣòwò púpọ̀ ní ilẹ̀ wa kò ní ìkànnì rárá. Instagram ni ìsọ̀ wọn, WhatsApp Business ni káńtà wọn. Àwọn náà ń lo irinṣẹ́, ó sì hàn. Ẹ tẹ ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ wọn lórí Instagram. Tó bá gbé yín lọ sí wa.me, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gba gbogbo ọjà tí ènìyàn bá béèrè. Tó bá gbé yín lọ sí paystack.shop tàbí paystack.com/pay, wọ́n ti gbà láti máa gba owó lórí ayélujára, ìsọ̀ gidi ló kù kí wọ́n ní. Àwọn kejì yìí máa ń tètè gbọ́ ju àwọn àkọ́kọ́ lọ.

Irinṣẹ́ inú ọ́fíìsì kì í hàn lórí ìkànnì, àmọ́ ìpolówó iṣẹ́ máa ń tú u síta. Ẹ wo Jobberman àti LinkedIn. Iléeṣẹ́ tó ń wá akáúńtáǹtì tó mọ Sage tàbí QuickBooks ti sọ ohun tó ń lò fún yín. Èyí tó ń wá ẹni tó mọ Excel dunjú láti máa ṣe owó oṣù fún òṣìṣẹ́ púpọ̀, ó ti sọ ohun tí kò ní. Ìpolówó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde tún fi hàn pé owó wà nílẹ̀ fún ọ̀ràn náà, torí pé wọ́n fẹ́ gba ènìyàn nítorí rẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà wúlò. Tẹ́ ẹ bá ra nǹkan ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Bódìjà tàbí Ring Road, ẹ ka ìsàlẹ̀ rìsíìtì kí ẹ tó jù ú nù. Sọ́fíwià tó tẹ̀ ẹ́ sábà máa ń kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ẹ wo POS tó wà lórí káńtà: ṣé ẹ̀rọ yẹn bá kọ̀ǹpútà wọn sọ̀rọ̀ ni, àbí ọmọbìnrin tó ń gba owó ló ń fi ọwọ́ tẹ iye náà lẹ́ẹ̀kejì? Tó bá jẹ́ èkejì, àṣìṣe máa wà nínú ìṣirò ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá ibẹ̀ á sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fẹ́ àkọsílẹ̀ yín bí ẹni ń fẹ́ ìrẹsì

Ẹ ṣí Google Sheets tàbí Excel. Orúkọ iléeṣẹ́, àdírẹ́sì ìkànnì, irinṣẹ́ tẹ́ ẹ rí, èyí tí ẹ kò rí, ọjọ́ tẹ́ ẹ wò ó, àti ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ kíyè sí níbẹ̀ tí kò sí níbòmíì. Òpó tó kẹ́yìn yìí lẹ máa fi kọ̀wé, ẹ má fò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìsọ̀ tí ọjà rẹ̀ ti tán látòkè délẹ̀, ẹ yọ ọ́. Èyí tí ojú ìwé Facebook rẹ̀ ti dákẹ́ láti ọdún mélòó kan, ẹ yọ ọ́. Iléeṣẹ́ ńlá tó jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń pinnu irinṣẹ́ tó máa lò, bí ẹ bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ẹ yọ òun náà fún ìsinsìnyí. Nínú ọgọ́rùn-ún orúkọ, bó bá ku ogún tàbí ọgbọ̀n, ẹ ti ṣe dáadáa. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, ogún yìí níye lórí ju ẹgbẹ̀rún tí ẹ kò wò lọ.

Ẹ wá mọ ẹni tó ń pàṣẹ. Ní ìsọ̀ kékeré, ẹni tó ń dáhùn WhatsApp sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ni ín. Ní iléeṣẹ́ tó tóbi, ewé "About us" àti LinkedIn á sọ orúkọ ẹni tó ń bójú tó o. Òfin kan wà níbí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò: Nigeria Data Protection Act ti ọdún 2023. Nọ́ńbà àti orúkọ ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kí ẹ má fi ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa òun polówó fún òun mọ́. Tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíì nínú iléeṣẹ́ yín má baà tún pè wọ́n. Àwọn ará wa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ìlú Ọba ní òfin tiwọn tó ń jẹ́ PECR: ẹ lè kọ ímeèlì ìpolówó sí kọ́ńpínì tó forúkọ sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi orúkọ yín hàn tí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lè kọ̀, àmọ́ ẹni tó ń dá ṣòwò lórúkọ ara rẹ̀, bí ẹnì kan lásán lòfin ṣe ń wò ó, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Kíka ohun tí bráúsà gbé wá fún yín kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n kí ẹ máa gbìyànjú ọ̀rọ̀ aṣínà lójú ewé wp-admin (ibi tí ọ̀gá ìkànnì WordPress ti ń wọlé) ẹni ẹlẹ́ni, tàbí kí ẹ máa wá ihò tí ènìyàn lè gbà wọlé, kí ẹ lè fi hàn wọ́n pé ìkànnì wọn kò ní ààbò, ìyẹn wà lábẹ́ Cybercrimes Act ti ọdún 2015. Kò sí oníbàárà tó tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ẹ ṣe máa kọ̀wé sí wọn

Ẹ má sọ fún ènìyàn pé ẹ wo kóòdù ìkànnì rẹ̀. Bí kò tilẹ̀ sí ohun tó burú níbẹ̀, á dà bí ẹni pé ẹ ń ṣọ́ ilé rẹ̀. Ohun tí ojú oníbàárà lásán lè rí ni kí ẹ sọ. Ẹ kí i bó ṣe yẹ, ẹ dárúkọ ohun pàtó, ẹ béèrè nǹkan kékeré, kí ẹ dákẹ́. Bí màá ṣe kọ ọ́ sí ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú ọjà. Ètò ìsanwó orí ìkànnì ni iṣẹ́ tèmi, Ìbàdàn ni mo wà. Mo wo ìsọ̀ yín lánàá, àlàárì tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀ dára púpọ̀. Mo fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń sanwó, mo wá rí i pé nọ́ńbà àkáǹtì lẹ kọ, kí oníbàárà wá fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ìkànnì tẹ́ ẹ ní yìí lè gba káàdì àti transfer fúnra rẹ̀, kó sì sọ fún yín pé owó ti wọlé, láìjẹ́ pé ẹ ń wo álẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n fi bó ṣe máa rí hàn yín lórí fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré? Bí kò bá sì wù yín, ẹ sọ fún mi, mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́, mà."

Ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni iye tí wọ́n máa yọ. Ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ sílẹ̀. Paystack ń gba 1.5% àti ₦100 lórí owó tí wọ́n bá san láti abẹ́lé, kì í kọjá ₦2,000, kì í sì í gba ₦100 náà lórí ohun tí kò tó ₦2,500. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, torí iye lè yí padà. Lórí aṣọ ₦40,000, ₦700 nìyẹn. Ẹ sọ iye náà jáde kí ẹ sì bi wọ́n léèrè wákàtí mélòó ni wọ́n fi ń wá owó nínú álẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣírò ìyókù.

Tí wọn kò bá dáhùn, ẹ tún kọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ohun tuntun tó wúlò, kí ẹ wá fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ má fi ìbẹ̀rù tajà. Ọ̀rọ̀ bíi "àwọn olè máa tó wọ ìkànnì yín" máa ń mú kí ènìyàn pe ẹlòmíì tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ máa padà lọ wò

Ẹni tó kọ̀ lónìí kò kọ̀ títí láé. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tún ṣí gbogbo ìkànnì tó wà nínú àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ fi ohun tẹ́ ẹ rí wé ti ọjọ́sí. Ìsọ̀ tó wà lórí Wix tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sórí WooCommerce. Ọdún tó wà nísàlẹ̀ ewé ti yí padà. MX wọn ti kúrò lórí hosting, ó ti di Google Workspace. Ẹnikẹ́ni tó bá ń yí irinṣẹ́ padà ti ní owó lọ́wọ́ fún un, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí nǹkan ṣe wà tẹ́lẹ̀ kò dára tó. Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí ìyípadà náà ni kí ẹ kọ̀wé, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ tún máa wo ibi tí àwọn tó sanwó fún yín ti wá. Tó bá jẹ́ pé gbólóhùn kejì tẹ́ ẹ kọ sórí bébà ló mú gbogbo wọn wá, tí ti àkọ́kọ́ kò sì mú ẹnì kankan wá láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń gbìyànjú, ẹ fa igi lé ti àkọ́kọ́, kí ẹ kọ òmíràn sípò rẹ̀.